Ẹ fẹ́ kọ́ ijó hula? Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìbàdí

Gbogbo ìgbà tí ọmọ Yorùbá kan bá ti gbọ́ pé mò ń jó hula, ijó ìbílẹ̀ àwọn ará erékùṣù Hàwáì, ní Kalifọ́níà níbí, nǹkan kan náà ni wọ́n máa ń sọ, "Àǹtí, ẹ wá kọ́ wa bẹ́ ẹ ṣe ń yí ìbàdí yẹn." Inú mi máa ń dùn pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i o, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ́ wọn, mi ò tí ì gba àṣẹ láti kọ́ ẹnikẹ́ni, màá ṣàlàyé ìyẹn tó bá yá. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n júwe ọ̀nà fẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa wá olùkọ́, bó ṣe máa dúró, ohun tó máa kọ́kọ́ mọ̀ àtàwọn nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ dán wò. Ẹ jẹ́ n sì ti sọ ọ́ báyìí pé ìbàdí kọ́ ló ṣáájú. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ olùkọ́ mi, ọ̀rọ̀ ni mò ń kọ́ sórí, ewì kúkurú kan báyìí tí wọ́n fi ń tọrọ ọ̀nà, mò ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, mò ń kà á nídìí síńkì, kí wọ́n tó ní kí n gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìdí ẹ̀ ni pé hula ò sí láìsí ọ̀rọ̀. Mele ni wọ́n ń pe ewì tàbí orin, oli sì ni èyí tí wọ́n kàn ń fi ohùn ké láìjó sí i, bí ìgbà téèyàn ń ké ìjálá tàbí tó ń kì ọmọ ẹ̀. Nílé wa, ìlù lè máa sọ tiẹ̀ kí oníjó máa fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn. Ní hula, ohun tẹ́nu ń sọ gan-an lọwọ́ àti ojú ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òjò bá rọ̀ nínú ewì, òjò gbọ́dọ̀ rọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ò bá mọ ìtumọ̀ ohun tó ń jó, ọwọ́ lásán ló ń jù.

Oríṣi méjì ló wà tẹ́ ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn. Kahiko ni ti àtijọ́, ewì tí wọ́n ń fi ohùn ké àti ìlù ni wọ́n fi ń jó o, ó máa ń le, orúnkún á tẹ̀ dáadáa, ohùn á ròkè. ʻAuana ni tòde òní, tòun ti gìtá àti ʻukulele, ìyẹn gìtá kékeré, ó máa ń rọra ṣàn bí omi. ʻUkulele yẹn náà, ọwọ́ àwọn Pọtogí tó wá láti erékùṣù Madeira lọ́dún 1879 láti ṣiṣẹ́ oko ìrèké ló ti wá. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kahiko nìkan ni hula gidi, méjèèjì ni, ṣùgbọ́n tí olùkọ́ bá ní kẹ́ ẹ fi kahiko bẹ̀rẹ̀, ẹ bá a lọ, torí ibẹ̀ lara ti ń mọ ìdúró.

Kẹ́ ẹ tó wá olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ijó yìí, torí òun ló máa jẹ́ kó yé yín ìdí táwọn àgbà ibẹ̀ fi ń ṣọ́ ọ bí ẹyin. Lọ́dún 1820 làwọn míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà dé Hàwáì. Nígbà tó fi máa di 1830, Kaʻahumanu, olorì tí agbára ìlú wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì ti gba ìgbàgbọ́, pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó máa jó hula ní gbangba mọ́. Àwọn ará oko ò dẹ́kun o, wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn níkọ̀kọ̀. Ọba Kalākaua ló mú un padà síta, ó jẹ́ kí wọ́n jó o níwájú gbogbo ayé níbi ìwúyè ẹ̀ lọ́dún 1883, ó tún ṣe é nígbà tó pé àádọ́ta ọdún ní 1886. Ṣùgbọ́n ọdún méje péré lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 1893, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀, Ọbabìnrin Liliʻuokalani, nígbà tó sì di 1896 wọ́n ṣòfin pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ níléèwé. Ẹ rò ó wò, ijó tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni gbogbo ẹ̀, wọ́n wá lé ọ̀rọ̀ náà kúrò níléèwé. Àwọn tó gbé e kọjá nígbà yẹn, ìyá àgbà ni wọ́n, ẹ̀yìnkùlé ni iléèwé wọn.

Èmi kì í lè sọ ìtàn yìí kí ó má dùn mí.

Ó dáa, wíwá olùkọ́. Kumu hula ni wọ́n ń pe olùkọ́, hālau ni iléèwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì jù, èyí kò lè bí kumu gidi nínú rárá: "Ta ló kọ́ yín?" Kumu gidi á dárúkọ kumu tiẹ̀, á dárúkọ ẹni tó kọ́ ìyẹn náà, bí ẹní ń ka ìran bàbá ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fún yín ní àpẹẹrẹ kan tó hàn sí gbogbo ayé. Maiki Aiu Lake, tó kú lọ́dún 1984, ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jí hula dìde láwọn ọdún 1970. Lábẹ́ ẹ̀ ni Robert Cazimero ti jáde, òun ló dá hālau tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan sílẹ̀ lọ́dún 1975, nígbà táwọn èèyàn ti gbàgbé pé ọkùnrin ń jó hula. Patrick Makuakāne jó lọ́dọ̀ Cazimero, ó kó wá sí San Francisco, ó dá hālau tiẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1985, lọ́dún 2023 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, tí wọ́n máa ń fún àwọn olóye ní Amẹ́ríkà. Ṣé ẹ rí okùn yẹn? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tàbí kẹ́ ẹ wo ti Edith Kanakaʻole ní ìlú Hilo ní Hàwáì, ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ, ó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, Pualani àti Nalani, àwọn yẹn náà sì kọ́ ọmọ ti wọn, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2023 ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán Màmá sórí owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Owó kan wà lọ́wọ́ mi títí dòní, mi ò ná an.

Ẹni tó bá ní òun kàn kọ́ ọ fúnra òun lórí fídíò, tó wá ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, ẹ rọra yà fún un.

Tí kò bá sí hālau nítòsí yín ńkọ́? Ìlú ńlá Amẹ́ríkà pọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ẹ̀bá Pàsífíìkì ló pọ̀ jù, Jàpáánì náà kún fún oníjó hula, Yúróòpù ò gbẹ́yìn. Àwọn kumu kan tún wà tí wọ́n ń ṣe kíláàsì lórí fóònù, ojúkojú, tí wọ́n á máa wò yín tí wọ́n á sì máa tún yín ṣe. Ìyẹn dáa. Fídíò tẹ́ ẹ kàn ń wò fúnra yín ò lè sọ fún yín pé èjìká òsì yín ga ju tọ̀tún lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má wọ bàtà wọlé, ẹsẹ̀ lásán ni. Obìnrin máa nílò pāʻū, síkẹ́ẹ̀tì aláṣọ òwú tó gbòòrò, tí wọ́n ki rọ́bà bí ìlà mẹ́ta mẹ́rin sí lókè kó lè dì mọ́ ìdí, hālau míì ní àwọ̀ tiwọn, torí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó rán an. Kẹ́ ẹ tó wọlé, lọ́pọ̀ hālau, ìta lẹ ó dúró sí kẹ́ ẹ fi oli tọrọ ààyè, kumu á máa gbọ́ yín láti inú ilé, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á fi oli tiẹ̀ dá yín lóhùn, ìgbà yẹn lẹ tó lè gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ọmọ Yorùbá tó ti ń pàgò lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé láti kékeré, tó sì mọ̀ pé èèyàn kì í wọlé kí wọ́n tó ní "àgò yà", kò yẹ kí èyí ṣòro fún un. Ewì tí mo ní mo kọ́ fóṣù kan yẹn nìyẹn. Ọjọ́ kan wà tí àwa tí a dúró níta ṣi ohùn, kumu wa ò dáhùn, a tún un ké, wọn ò dáhùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ké e kí wọ́n tó dá wa lóhùn, kò sẹ́ni tó bínú nínú wa.

Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú, Kumu ni kẹ́ ẹ máa pè wọ́n, ẹ má pe orúkọ wọn gbàgà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Hàwáì kan wà, "Nānā ka maka, hoʻolohe ka pepeiao, paʻa ka waha", ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kí ojú máa wò, kí etí máa gbọ́, kí ẹnu wà ní pípadé. Ẹ má gbé fóònù sókè láti ká kíláàsì sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Tí ìbéèrè bá wà, ẹ dúró de àsìkò ìbéèrè, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n máa ń to àwọn yẹn síwájú kí àwa tẹ̀yìn lè máa rí wọn wò, àwọn yẹn sì ń di bí ọmọ ìyá fún yín bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Wàyí o, ọ̀rọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi ọwọ́ ara yín da mele náà kọ, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Lẹ́tà mẹ́tàlá péré ni èdè Hàwáì ní, fáwẹ̀lì márùn-ún, kọ́ńsónáǹtì mẹ́jọ, ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn sì ni ʻokina, àmì kékeré tó ń dá ohùn dúró lọ́fun. Kahakō ni ìlà tí wọ́n ń fà sórí fáwẹ̀lì kó lè gùn. Ẹ má fo àwọn àmì yìí o! Pau ni "ó tán", paʻu ni èédú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, paʻū ni nǹkan tó tutù rin, pāʻū ni síkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ wọ̀. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ́ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀, tiwa yẹ kó yá nídìí èyí, ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí pāʻū yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ nínú hālau, mo ní há, mo mọ irú èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ìtumọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí ewì náà ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Òjò ní orúkọ ní Hàwáì, afẹ́fẹ́ ní orúkọ, òjò àdúgbò kan yàtọ̀ sí ti àdúgbò kejì, tí ewì bá sì dárúkọ òjò, ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ń sọ fún yín. Kaona tún wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Òdòdó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ olólùfẹ́, òjò tó ń rọ̀ sórí òdòdó ò ní jẹ́ òjò lásán. Kumu kì í sábà sọ gbogbo kaona lọ́jọ́ kan, ẹlòmíì ò ní sọ ọ́ títí tẹ́ ẹ fi dàgbà sí i nínú ijó náà, ẹ má fi dandan bi wọ́n.

Ìdúró ló kàn, ibẹ̀ lẹ sì ti máa ṣiṣẹ́ jù. Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ọmọ ìka kọjú síwájú, ẹ tẹ orúnkún, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, àyà gbé sókè díẹ̀, èjìká ò gbọdọ̀ mì. Ìtẹ̀ba yìí ni wọ́n ń pè ní haʻa. Ẹ dúró báyẹn fún ìṣẹ́jú méjì péré nílé yín kẹ́ ẹ wo bí itan ṣe máa gbóná. Èmi, èjìká ló fìyà jẹ mí, torí nínú ijó tiwa èjìká máa ń dá sí ọ̀rọ̀, kumu mi á kàn rọra gbé ọwọ́ lé èjìká mi láìsọ nǹkan kan, ó tó bí ọdún kan kí ọwọ́ yẹn tó dẹ́kun wíwá.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin tẹ́ ẹ lè máa dán wò nílé rèé. Kāholo: ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sápá ọ̀tún, ẹ mú tòsì wá bá a, ẹ tún gbé tọ̀tún, ẹ tún mú tòsì wá bá a, ó di mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá padà sápá òsì bákan náà, láìgbé orí sókè sódò. Hela: ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́, ẹ dá a padà, ẹ na ìkejì, orúnkún ẹsẹ̀ tó dúró ò gbọdọ̀ nà. ʻUwehe: ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí gìgísẹ̀ méjèèjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà kí orúnkún yọ síwájú, kí gìgísẹ̀ tún balẹ̀. Ìkẹrin ni ʻami, òun ni ìbàdí tí gbogbo yín ń béèrè, ó ń yí po roboto. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìbàdí yẹn, orúnkún ló ń yí i. Tí orúnkún bá nà gbọọrọ, ìbàdí ò ní ibi tó máa gbà kọjá, ẹ máa kàn máa ju ìdí kiri ni. Tí orúnkún bá tẹ̀, tí ẹ ń ti ọ̀kan wọ inú èkejì, ìbàdí á yí fúnra ẹ̀, èjìká ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọwọ́ wá lé e. Ìfẹ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì gùn ara wọn láyà. Òdòdó, ẹ kó orí ìka jọ kó dojú kọ òkè. Òjò, ọwọ́ á ti òkè bọ̀ nílẹ̀ tí ìka á máa mì lẹ́lẹ́. Òkè ńlá, ọwọ́ kan á gùn lọ sókè. Kumu kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gbé e, ti kumu yín ni kẹ́ ẹ gbé. Ibi tọ́wọ́ bá lọ ni kójú lọ, tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí òkè kẹ́ ẹ rí òkè náà lóòótọ́, torí ẹni tó jókòó tó ń wò yín, ojú yín ló máa fi rí i.

Nípa ìlù, ẹ má yára. Ipu heke ni mo fẹ́ràn jù, akèrègbè méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ńlá nísàlẹ̀ kékeré lókè, kumu á gbá ìdí ẹ̀ mọ́ nǹkan rírọ̀ nílẹ̀, á tún fi ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wúwo àti ohùn fúyẹ́ á máa tẹ̀ lé ara wọn. Pahu tún wà, igi àgbọn tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fi awọ àkùrákùdà bò lójú, ìtàn wọn sọ pé láti Tahiti ni Laʻamaikahiki ti gbé e wá, hula tó lọ́wọ̀ jù ni wọ́n ń lù ú fún. Oníjó náà lè di nǹkan mú, òkúta kékeré méjì méjì tí wọ́n ń pè ní ʻiliʻili, tàbí ọparun tí wọ́n là, tàbí ʻuliʻuli tó dà bí ṣẹ́rẹ́, kóró wà nínú ẹ̀, ìyẹ́ wà lórí.

Ewé náà lẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀. Fún kahiko, ewé àti òdòdó tòótọ́ ni wọ́n fi ń ṣe lei, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ orí, ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, inú igbó ni wọ́n ti ń já a, ilẹ̀ Laka, òrìṣà hula, ni igbó yẹn. Wọ́n á tọrọ kí wọ́n tó já, ìwọ̀nba tí wọ́n nílò ni wọ́n máa já, wọn ò ní fa gbòǹgbò. Igi ʻōhiʻa wà nínú wàhálà báyìí, àrùn kan ń pa á lọ ní Hàwáì, torí náà ẹ dá a sí, ẹ má já lehua, òdòdó ẹ̀, ẹ fọ bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọgbó àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde. Ẹni tí ẹ̀sìn ẹ̀ ò bá gbà á láyè láti kópa nínú nǹkan tó jẹ mọ́ Laka, kó lọ bá kumu níkọ̀kọ̀ kó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ eré. Hālau ò rí bákan náà lórí èyí.

Síkẹ́ẹ̀tì koríko gbígbẹ àti kómú èèpo àgbọn tí wọ́n ń tà fún páátì, ẹ má rà á. Síkẹ́ẹ̀tì koríko yẹn, ọwọ́ àwọn ará erékùṣù Gilbert ló ti dé Hàwáì, ewé tútù àti kapa, aṣọ tí wọ́n ń fi èèpo igi lù, ni tiwọn. Ó máa ń dun àwọn kumu láti rí i, ẹ wo ohun tí wọ́n la kọjá kí ijó yìí tó kù.

Mo ní màá ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi lè kọ́ yín. ʻŪniki ni ayẹyẹ tí wọ́n fi ń tú akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀, ẹlòmíì ò ní dé ibẹ̀ láéláé, ó sì máa jó títí dọjọ́ ogbó láìbínú. Ijó tí kumu mi tò, ti kumu mi ni. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ tí wọ́n ní kí n wá jó, mo pe Kumu ná, mo sọ irú àpèjẹ tó jẹ́ àti mele tí mo fẹ́ jó, wọ́n ní kí n jó òmíì, èyí tó sọ nípa ọmọ, òun náà ni mo jó. Ẹ̀yin náà ẹ máa béèrè, kó tó di pé fídíò ti jáde.

Ní ìsinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì ń wá hālau, ẹ máa wo Merrie Monarch, àjọ̀dún hula, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n ń ṣe é ní Hilo lọ́dọọdún, ìnagijẹ Kalākaua ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964, ìdíje ijó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, àwọn ọkùnrin wọ̀ ọ́ ní 1976. Wọ́n máa ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì. Alẹ́ kahiko yàtọ̀, alẹ́ ʻauana yàtọ̀. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kíní ẹ wo ẹsẹ̀ nìkan, lẹ́ẹ̀kejì ẹ wo ojú wọn. Ẹ fetí sí i, tí ẹsẹ orin kan bá fẹ́ parí, oníjó kan máa ń fi ohùn ké ọ̀rọ̀ tó kàn, kāhea ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ò mọ ọ̀rọ̀ ò lè ké e. Tí mele náà bá jẹ́ ti oríkì, ẹ dúró kí ijó parí, tí wọ́n bá ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí wọ́n na ẹsẹ̀ kan, tí wọ́n tẹ orí ba, ẹ máa gbọ́ kí wọ́n ké "He inoa no", kí wọ́n wá dárúkọ ẹni tí wọ́n fi gbogbo ijó náà kì, tòun ti ohùn rara.